Àwòrán Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Bà Jẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí àtẹ́wọ́ náà mọ bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ lẹ ti ń yìn mí, ọ̀rọ̀ yín sì dùn ún gbọ́, àfi pé ẹni tẹ́ ẹ ń yìn yẹn, èmi kọ́. Wọ́n ní kí n wá sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére, kí n fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní ìmọ̀ràn díẹ̀, kí n sì jókòó. Mo kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ojú ìwé méjì gbáko. Inú àpò mi ló wà, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, ó ti lo ọdún mọ́kànlá nínú mi, mi ò sì lè gbé e jáde kúrò nínú ọgbà ilé ìwòsàn yìí bí mo ṣe ń gbé e wọlé láràárọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ìyá Àwòrán lẹ máa ń pè é, torí òun ló ń tọ́jú yàrá tí à ń kó àwòrán inú ara àwọn aláìsàn pa mọ́ sí. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́ pé ó ba àwòrán ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá jẹ́. Kò ba ẹyọ kan jẹ́. Èmi ni mo bà wọ́n jẹ́, mo sì mọ̀ nígbà náà pé èmi ni. Ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lókè yìí báyìí, àwọn dókítà ń retí èsì kan lẹ́nu rẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé, kò sì lè fún wọn lésì nítorí ohun tí mo fi ṣe é.

Kẹ́ ẹ tó máa fi ojú burúkú wò mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ sí mi, kẹ́ ẹ lè fi ojú tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ wò mí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá wa kú. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló wẹ̀ mí, òun ló bọ́ mi, òun ló fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ kí n lè rí ìwé kà. Iṣẹ́ yìí gan-an, òun ló mú mi wá. Ó dúró níwájú ọ̀gá tó ń gba òṣìṣẹ́ nígbà náà, ó ní, “Ẹ gbà á fún oṣù mẹ́ta péré, tí kò bá mọ iṣẹ́, ẹ lé àwa méjèèjì.” Orí rẹ̀ pé bí nǹkan míì. Dókítà á bèèrè àwòrán ẹnì kan tó wá lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, kó tó tẹ orúkọ tán, ẹ̀gbọ́n mi á ti sọ inú àpótí tó wà. Kò gbàgbé nǹkan rí. Ẹ rántí ìyẹn, torí ohun tí mo mú lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ni ilé ìwòsàn ra ẹ̀rọ ayàwòrán tuntun, èyí tó ń ya inú ara èèyàn ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Àwòrán ẹnì kan ṣoṣo lè tó ẹgbẹ̀rún méjì pẹlẹbẹ. Wáyà àtijọ́ kò lè gbé e. Àwọn dókítà á jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa wo àmì róbótó kan tó ń yí pòòyì, aláìsàn á sì máa wò wọ́n. A wá pinnu pé ká gbé nẹ́tíwọ̀kì tuntun kalẹ̀, èyí tó lè gbé ọgọ́rùn-ún gígábíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láti yàrá ayàwòrán dé yàrá ìkópamọ́. Èmi ni wọ́n ní kí n yan káàdì nẹ́tíwọ̀kì, ìyẹn pátákó kékeré tí wáyà ń wọ̀ sí, tí à ń kì bọ inú sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gba àwòrán wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ká ra irú èyí tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá. Mo ti rí irú tuntun kan nínú ìwé ìpolówó, ojú mi ò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́. Mo dìde nínú ìpàdé, mo sọ níwájú Ọ̀gá Àgbà pé tí káàdì yìí kò bá fún wa ní àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n má pe mí ní oníṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì mọ́. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹnu ló ń yún mi.

Nígbà tí mo ki káàdì náà bọ inú sáfà, ogójì ni mo rí. Ìyẹn ò dẹ́rù bà mí, torí káàdì tuntun kì í sáré tí èèyàn ò bá jókòó tì í kó tún un ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìdì tí wáyà ń di ọ̀rọ̀ sí, mo sọ ọ́ di ńlá, láti ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Mo fẹ ààyè tí àwọn ìdì náà ti ń dúró de ẹni tí yóò gbé wọn. Káàdì yẹn ń kan ilẹ̀kùn ọpọlọ kọ̀ǹpútà nígbàkígbà tí ìdì kan bá dé, kò jẹ́ kó simi. Mo ní kó máa kó wọn jọ díẹ̀ kó tó kànkùn. Mo pín iṣẹ́ náà fún ọpọlọ mẹ́rìndínlógún kí gbogbo rẹ̀ má baà já lé ẹyọ kan lórí. Ogójì di márùndínlọ́gọ́ta, ó di mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó bá jókòó síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tì í, kò mira. Ohun kan ṣoṣo ló kù. Ìdì kọ̀ọ̀kan máa ń gbé iye kan dání, iye tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ ṣírò láti inú ohun tó dì. Ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ ṣírò tirẹ̀. Tí méjèèjì kò bá dọ́gba, a jẹ́ pé nǹkan ti bà jẹ́ lọ́nà, á da ìdì náà nù, á ní kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Ìṣirò yìí ló ń tán ọpọlọ kọ̀ǹpútà lókun. Káàdì tuntun náà sì ní òun lè bá a ṣe é. Mo ní ó yá, máa ṣe é. Nọ́ńbà fò sí méjìléláàádọ́rùn-ún. Mo dìde, mo jó nínú yàrá sáfà, èmi nìkan, láàárín ariwo fáànù.

Tó bá jẹ́ pé mo jó tán mo lọ sílé ni, ẹ̀bi mi ì bá kéré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìyára, bí ìdì ṣe ń yára dé nìkan ló ń kà, kì í wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà mo ṣe ohun tó yẹ kí oníṣẹ́ ṣe. Mo fi àwòrán àtijọ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ránṣẹ́, mo wá fi èyí tó dé wé èyí tó lọ. Méjì kò bára mu. Mo tún un ṣe, mẹ́ta kò bára mu. Mo gba ìṣirò kúrò lọ́wọ́ káàdì, mo dá a padà fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà, gbogbo rẹ̀ bára mu pátá, nọ́ńbà sì já wálẹ̀ sí mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ṣe é. Ó yé mi yékéyéké: tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ lọ́wọ́ káàdì yẹn, á kàn máa tẹ òǹtẹ̀ “ó pé” lé ohun tí kò kà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ọjọ́, wákàtí àti iye. Mo pe ẹnjinníà àwọn tó ta káàdì fún wa. Kò tiẹ̀ yà á lẹ́nu. Ó ní, “Ọ̀gá, a ti mọ̀ sí i. Àtúnṣe ètò inú rẹ̀ ń bọ̀ láìpẹ́, ó pẹ́ tán oṣù mẹ́ta. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ fi ìṣirò sọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà.” Mo ní mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti ṣèlérí àádọ́rùn-ún. Ó ní, “Ó dọwọ́ yín o. Ẹ kàn má sọ pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é.”

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, Ọ̀gá Àgbà àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ wọlé. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Gbólóhùn kan ni: “Ẹ jọ̀ọ́, káàdì tí mo yàn lábùkù, ẹ ṣe sùúrù fún oṣù mẹ́ta.” Kò ní pa mí. Wọn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á gbàgbé. Dípò ìyẹn, mo tẹ bọ́tìnnì, méjìléláàádọ́rùn-ún yọ lójú ògiri gàdàgbà gadagba, wọ́n bú sáyọ̀. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ tẹ́ ẹ ń pè mí yìí bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gá Àádọ́rùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi fáìlì há abíyá kó lè ráyè pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún ara mi pé méjì nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kò tó nǹkan, pé ta ló tiẹ̀ máa ṣí wọn wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá lẹ́yìn náà, àtúnṣe dé. Mo fi sínú káàdì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìbàjẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Mo mí kanlẹ̀. Mo rò pé ó ti tán.

Oṣù méje kọjá kí ọkùnrin káfíńtà kan tó padà wá. Nǹkan kan wà nínú ìhà rẹ̀ tí dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń dàgbà, ó fẹ́ fi àwòrán tuntun wé ti àtijọ́. Inú ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá yẹn ni wọ́n ya ti àtijọ́. Nígbà tí dókítà ṣí i, ìlàjì rẹ̀ mọ́, ìlàjì kejì jẹ́ kìkì ìlà dúdú. Kò sí ohun tó lè fi wé ohun tuntun, wọ́n bá la ìhà ọkùnrin náà láti wo inú rẹ̀. Ohun náà kò tíì dàgbà rárá. Wọn ì bá má là á. Ó yè, ṣùgbọ́n kò lè gbé pákó mọ́ títí dòní. Ìyàwó rẹ̀ wá dúró sí kọ́rídọ̀, kò pariwo, ó kàn ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń tọ́jú àwòrán?” Mo kọjá lára rẹ̀. Mo tọ́ka sí ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n wá inú ilé ìkópamọ́ jinlẹ̀, wọ́n rí ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá tó bà jẹ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀rù. Ó wá sọ́dọ̀ mi, ó fa àga, ó jókòó, ó ní, “Àbúrò mi, mo ti wo tèmi títí, kò sí níbẹ̀. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ mi ni mo tọ́jú. Ọ̀nà ni nǹkan yẹn ti bà jẹ́. Bá mi wo ọ̀nà.” Kò kàwé nẹ́tíwọ̀kì, ó sì ti fọwọ́ lé e gẹ́lẹ́. Tó bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, wọ́n á wo káàdì, wọ́n á rí ọjọ́ tí mo ṣe àtúnṣe, orúkọ Ọ̀gá Àádọ́rùn-ún á di ẹ̀sín. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ lónìí. Ti káàdì, ìgbéraga ni. Èyí burú jù ú lọ fíìfíì.

Mo mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọ díìsì, ìyẹn pálí irin tí àwòrán ń wọ̀ sí, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá yẹn, díìsì irú tuntun tí kò yọ rí. Òfin ni pé iná kékeré ojú díìsì gbọ́dọ̀ kú kí èèyàn tó fà á yọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán tó ń wọlé lọ́wọ́ lè bà jẹ́. Mo fún un lómi mu. Mo fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ yẹn, ṣé iná rẹ̀ ti kú?” Ó ní, “Ó ti kú.” Mo ní, “Ṣé ó dá yín lójú? Àbí ọjọ́ yẹn kọ́ ni ilé ìwé ọmọ yín pè yín lórí fóònù pé ara ọmọ ò yá?” Ó ronú. Ó ní, “Ọjọ́ yẹn ni.” Mo ní, “Irú díìsì yẹn, iná rẹ̀ máa ń ṣe bí ẹni pé ó ti kú, á wá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta. Tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò lè rí i.” Irọ́ funfun báláú ni. Iná irú díìsì yẹn kì í ṣẹ́jú. Orí àga yẹn ni mo ti hùmọ̀ irọ́ náà. Ó ní, “Mi ò rántí pé ó ṣẹ́jú.” Mo ní, “Ẹ sáà rò ó wò.” Ó padà wá lọ́jọ́ kejì, mo tún bi í. Lọ́jọ́ kẹta, mi ò tíì la ẹnu tí òun fúnra rẹ̀ fi sọ pé, “Àbúrò mi, ó jọ pé ó ń ṣẹ́jú o.” Omi wà lójú rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo gbá a mú, mo ní kó má sunkún, pé kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn.

Níwájú ìgbìmọ̀, dókítà kan fọgbọ́n wò ó. Ó ní, “Àwọn kan lára àwòrán wọ̀nyí ti wà nílẹ̀ ọ̀sẹ̀ méje kó tó yọ díìsì. Báwo ni ti àwọn yẹn?” Gbogbo wọn kọjú sí mi, torí èmi ni mo mọ iṣẹ́ náà. Mo ní tí èèyàn bá fi ipá yọ díìsì, ó lè ba ohun tó ti wà lórí rẹ̀ jẹ́ sẹ́yìn. Irọ́ ni, mo sì mọ̀; tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló sọ ọ́, wọn ì bá wádìí. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó tẹrí ba fún ìyàwó káfíńtà, ó ní, “Ẹ dárí jì mí, èmi ni.” Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni.

Mo rò pé iṣẹ́ nìkan ló pàdánù. Ó tó ọdún kan kó tó yé mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Màá lọ kí i, á dìde lẹ́ẹ̀mẹta láti wò ó bóyá òun ti pa iná ìdáná, iná tí mo rí i tó pa. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ máa bá òun ka oògùn. Tó bá ń sọ ìtàn ìyá wa, á dákẹ́ láàárín gbólóhùn, á wojú mi, á ní, “Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?” Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà ni á máa bi. Màá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi,” màá sì tún bu oúnjẹ rẹ̀ jẹ.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n rí àìsàn kan nínú kíndìnrín rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú rẹ̀: iṣẹ́ abẹ tó léwu, tó lè fún un ní ọdún púpọ̀, tàbí oògùn tí kò léwu, tí yóò fún un ní ìwọ̀nba ọdún. Dókítà ṣàlàyé fún un dáadáa, ó ní òun nìkan ló lè yàn. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Ẹ bi àbúrò mi. Èmi kì í rí nǹkan bó ṣe rí.” Dókítà fúnra rẹ̀ ló wá sọ ọ́ fún mi. Obìnrin tó gbé mi tọ́ ti gbé ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó ba orí rẹ̀ jẹ́, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo jẹ́wọ́ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mo fi ìwé kékeré yẹn hàn án. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo tiẹ̀ ń retí rẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó fọwọ́ pa mí lórí bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ní, “O ṣeun, àbúrò mi. Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n o ò lè bá mi ru eléyìí. Mo rántí iná yẹn. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta, mo rí i bí mo ṣe ń rí ẹ yìí.” Mo búra, ó ní kí n má búra mọ́. Mo sunkún, ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Gbogbo nǹkan tó ti gbàgbọ́ lẹ́nu mi láti ọdún mọ́kànlá, òótọ́ ẹyọ kan yìí ni kò gbà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú yín, mi ò ní ìmọ̀ràn púpọ̀. Tí nọ́ńbà yín bá jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta, ẹ sọ pé mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ọ̀gá Àgbà, ìwé kékeré náà rèé lórí tábìlì, ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ bá ọjọ́ tí àwọn àwòrán náà bà jẹ́ mu wẹ́kú. Ohun tó bá tọ́ sí mi, ẹ fi ṣe mí, màá sì fẹsẹ̀ ara mi lọ bá káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀. Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kì í ṣe fún ara mi. Àtẹ̀gùn méjì péré ló wà láàárín gbọ̀ngàn yìí àti yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi wà, yàrá kẹrin lápá ọ̀tún, kò sì tíì sùn. Ẹ gbé ìwé náà dání, kẹ́ ẹ gòkè lọ bá a, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ọjọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ ṣáájú. Ẹ sọ fún un pé iná yẹn kò ṣẹ́jú. Ẹ jẹ́ kó fi ọjọ́ wé ọjọ́ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ má bá a kà á, kẹ́ ẹ sì dúró tì í títí yóò fi kà á tán. Èmi kò ní bá yín lọ. Tí mo bá wà níbẹ̀, ojú mi ni yóò máa wò kó tó mọ ohun tí yóò gbà gbọ́.